Ìdílé Price ní Kóńgò: ṣé ó tọ́ kí wọ́n dá ẹjọ́ bàbá láìgbọ́ tẹnu rẹ̀?

Òǹkàwé_Alẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ ìwé. Lọ́sẹ̀ yìí ni mo ka *The Poisonwood Bible* tán, ìwé tí Barbara Kingsolver ará Amẹ́ríkà kọ jáde lọ́dún 1998. Ìwé náà dùn, ṣùgbọ́n inú ń bí mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹjọ́ mi síwájú yín.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì kà á, bí ìtàn náà ṣe lọ nìyí. (Màá sọ bó ṣe parí. Ẹni tó bá fẹ́ kà á fúnra rẹ̀ kó yáa sá kúrò níbí.) Nathan Price, oníwàásù Ìjọ Onítẹ̀bọmi láti ìlú Bethlehem ní ìpínlẹ̀ Georgia, kó Orleanna ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí abúlé kan tó ń jẹ́ Kilanga ní Kóńgò. Ọdún 1959 ni, Bẹ́ljíọ̀mù ṣì ń jọba níbẹ̀. Rachel ni àkọ́bí. Leah àti Adah ni ìbejì tó tẹ̀ lé e. Ruth May, ọmọ ọdún márùn-ún, ni àbíkẹ́yìn. Ọdún kan ni wọ́n ní àwọn máa lò. Kí ọdún kejì tó jìnnà, ejò ti pa Ruth May, ìyá kó àwọn tó kù jáde lẹ́sẹ̀, bàbá ní òun kò lọ síbì kankan. Ibẹ̀ náà ló kú sí ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹjọ́ mi nìyí. Obìnrin márùn-ún ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yẹn. Ìyá ti darúgbó, ó ń wẹ̀yìn wò, àwọn ọmọ sì ń sọ ọ́ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí wọn. Nathan nìkan ni kò ní ojú ewé kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ó sọ la gbọ́, ohun tí wọ́n ní ó ṣe la rí. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ṣé kò yẹ kí wọ́n fún un ní orí kan péré kó fi wí tẹnu rẹ̀?

ỌmọPásítọ̀

Ọ̀gá, ẹ má bínú, ẹ̀rín pa mí. Níbo ni Nathan kò ti sọ̀rọ̀? Ó ń wàásù nílé, ó ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wàásù létí odò. Tí ọmọ bá ṣẹ̀, ẹsẹ Bíbélì ló fi ń jẹ ẹ́ níyà: ọgọ́rùn-ún ẹsẹ ni ọmọ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà kọ, èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn ló sì máa sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un. Ilé tí irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti ń dún láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí òǹkọ̀wé bá wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ bàbá kó lè gbọ́ tìyá àti tọmọ, mo rò pé ìdájọ́ òdodo nìyẹn.

Ẹ sì rántí pé Orleanna gbèjà rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Nathan nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fún wa. Nathan fara gbọgbẹ́ ní Philippines, wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀, àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ sì bá ìrìn ikú Bataan lọ (ìrìn tipátipá tí àwọn ọmọ ogun Japan fi àwọn tí wọ́n mú lẹ́rú rìn, tí ọ̀pọ̀ sì kú lójú ọ̀nà). Òun nìkan ló padà wálé. Láti ọjọ́ náà ló ti ń rí ara rẹ̀ bí ojo tí Ọlọ́run ń wò. Ìdí rèé tí kò fi ṣe é ṣe fún un láti sá nígbà tí wọ́n ní kó máa bọ̀. Tí kì í bá ṣe ìyàwó rẹ̀ tó sọ èyí, ta ló máa sọ ọ́? Òun fúnra rẹ̀ kò ní sọ ọ́ láéláé. Ẹ fún un ní orí mẹ́wàá, ìwàásù mẹ́wàá lẹ máa kà.

Òǹkàwé_Alẹ́

> Ẹ fún un ní orí mẹ́wàá, ìwàásù mẹ́wàá lẹ máa kà.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ṣẹ́gun. Ìwàásù náà lè tú àṣírí oníwàásù. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lè dára láti kà ju ẹni tó mọ ara rẹ̀ lọ. Rachel ńkọ́? Rachel kò mọ nǹkan kan nípa ara rẹ̀, síbẹ̀ òun ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù.

Àgbẹ̀_Olùkàwé

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sínú oko díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ Nathan.

Ó gbé irúgbìn wá láti Amẹ́ríkà, ẹ̀wà, elégédé àti àwọn mìíràn, ó fẹ́ fi kọ́ àwọn ará abúlé bí wọ́n ṣe ń dáko. Ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Georgia. Mama Tataba, obìnrin tó ń bá wọn ṣe iṣẹ́ ilé, wò ó, ó ní kó kọ ebè. Kò gbọ́. Obìnrin náà tún bá a kọ ọ́ ní ebè nígbà tí kò sí níbẹ̀. Ó jí, ó rí i, ó tún gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ padà. Òjò dé, ó gbá irúgbìn lọ. Ìgbà yẹn ló tó kọ ebè, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ta ló kọ́ òun.

Ibi tó wá dùn jù nìyí. Ebè dára, ilẹ̀ dára, ewé hù tó fi fẹ́ bo ilé mọ́lẹ̀, òdòdó yọ, kò so. Kòkòrò tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti òdòdó kan sí èkejì kò sí fún irú ohun ọ̀gbìn yẹn níbẹ̀. Kò sí ìwàásù tó lè mú un so. Ní tèmi, òǹkọ̀wé yìí mọ nǹkan ọ̀gbìn dáadáa (ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ló kà ní yunifásítì), ó sì ti fi elégédé sọ gbogbo ẹjọ́ Nathan kí ẹnikẹ́ni tó kú nínú ìwé náà. Tó bá dúró síbẹ̀ ni, mi ò bá yìn ín tán. Ó tún ń padà wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wa bí ẹni pé a ò rí i.

ÌyáÌbejì

Ẹ kú àtàárọ̀ o. Ẹ̀yin ọkùnrin ti ń bá Nathan jà látàárọ̀, kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọn tó wà lórí àga ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀.

Nínú ìtàn náà, ìyá tó bá bí ìbejì ní abúlé yẹn, ẹ̀rù ni. Inú igbó ni wọ́n ń gbé ọmọ méjèèjì lọ sí. Nelson, ọmọ òrukàn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ilé, kò lóye bí Orleanna ṣe tọ́ Leah àti Adah tí nǹkan kan kò ṣe ìlú wọn. Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí ti sọ ìdí tí mo fi dúró lórí ojú ewé yẹn pẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa lónìí, ẹni tó bí ìbejì ń jó, wọ́n ń ta á lọ́rẹ, Táyé àti Kẹ́hìndé ni orúkọ wọn kí wọ́n tó dé. Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà kan tilẹ̀ sọ pé nígbà kan rí kò rí bẹ́ẹ̀ níbí náà.

Anatole, olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ abúlé, ló ṣàlàyé ọ̀ràn náà fún wọn nídìí oúnjẹ. Àwọn ìyá tó bí ìbejì tí wọ́n sì pàdánù wọn, àwọn adẹ́tẹ̀, àwọn tí òrìṣà ilé wọn ti já kulẹ̀, àwọn ni wọ́n ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Baálẹ̀ Tata Ndu kò kọ́kọ́ bínú sí i. Ó wò ó pé ibẹ̀ ni kí ẹni tí orí kò bá gbè máa lọ. Nathan wo àga tó kún, ó rò pé ìhìn rere ló ń ṣiṣẹ́. Kò bi ẹyọ ẹnì kan léèrè rí pé, "Ìyá, kí ló gbé yín wá?" Tó bá bi í, ó ti rí ìjọ. Àwọn wọ̀nyẹn nílò ẹni tó máa tù wọ́n nínú, omi odò ló ń sọ fún wọn.

Omi odò tí ọ̀nì ti gbé ọmọ wọn lọ lọ́dún tó ṣáájú! Ó ń bínú pé wọn kò wá ṣe ìrìbọmi. Mama Tataba ló sọ ìdí rẹ̀ fún un níkẹyìn, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Tíṣà_Ìtàn

Mo bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá fi ọ̀rọ̀ mọ sí Nathan, ohun tó wà níta ilé wọn á bọ́ lọ́wọ́ wa, ìwé náà kò sì gbàgbé rẹ̀.

Ẹ wo ọjọ́ tí àwọn nǹkan ṣẹlẹ̀. Láti 1885 ni Kóńgò ti jẹ́ dúkìá ara ẹni Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀mù. Ìwà ìkà tí wọ́n hù sí àwọn ènìyàn nítorí rọ́bà pọ̀ débi pé ayé pariwo, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1908. Nígbà tí òmìnira dé ní 30 Okudu 1960, àwọn ọmọ Kóńgò tó ní oyè yunifásítì kò tó ọgbọ̀n ní gbogbo orílẹ̀-èdè ńlá yẹn. Patrice Lumumba di olórí ìjọba. Láàárín oṣù kan, àwọn ọmọ ogun ti ṣọ̀tẹ̀, agbègbè Katanga níbi tí bàbà àti kóbáltì wà sì ti ní àwọn ya kúrò lára Kóńgò. Ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀, Mobutu fi ọmọ ogun gba agbára. Ní 17 Sẹ́rẹ́ 1961, wọ́n pa Lumumba ní Katanga. Àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn ọ̀gá ológun Bẹ́ljíọ̀mù wà lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 1975, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà tú u síta pé CIA, ilé iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà, náà ti gbìmọ̀ láti fi májèlé pa á.

Ẹ wá ṣí ìwé náà padà. Ọjọ́ wo ni ejò bu Ruth May jẹ? 17 Sẹ́rẹ́ 1961. Òǹkọ̀wé kò ṣèèṣì. Adah, ìbejì tó ń fẹsẹ̀ wọ́ tí kò sì ń sọ̀rọ̀, ni ó dúró sí ìta ahéré Axelroot, awakọ̀ òfuurufú tó ń gbé ẹrù wá fún wọn, tó sì gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ń gbèrò ikú Lumumba. Leah tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí Léopoldville, olú ìlú Kóńgò, ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí wọ́n búra fún Lumumba. Ìyẹn ni pé ọmọ oníwàásù rí ọjọ́ tí ìjọba náà bí, ọmọ oníwàásù gbọ́ ète tí wọ́n fi máa pa á, bàbá wọn kò sì fi etí kan gbọ́. Underdown, tọkọtaya tó ń rí sí ọ̀ràn míṣọ̀n ní Léopoldville, ti ní kí wọ́n máa kó ẹrù. Owó oṣù ti dúró. Ó ní Ọlọ́run kò tíì pe òun wálé.

Torí náà, ìwé yìí fi ilé kan ṣe àkàwé ìjọba. Ọ̀tọ̀ ni bóyá àkàwé náà dọ́gba. Èmi rò pé kò dọ́gba: Nathan kò jèrè nǹkan kan, àwọn tó pa Lumumba jèrè.

Ìdí_Ọ̀rọ̀

Tíṣà, ẹ ṣeun. Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìdìbò, torí ibẹ̀ ni mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo dìde, mo pàtẹ́wọ́.

Fún àwọn tí kò kà á: ọjọ́ Ìsinmi kan, Nathan wà lórí pẹpẹ, ó ń wàásù. Tata Ndu dìde láàárín ìjọ. Ó ní òyìnbó ló mú ìdìbò wá, ó ní gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ dìbò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí a dìbò níbí, lónìí, bóyá Jésù ni yóò máa jẹ́ Ọlọ́run Kilanga. Nathan pariwo, ó ní ọ̀rọ̀ òdì nìyẹn. Baálẹ̀ dá a lóhùn pé ẹ̀yin lẹ kọ́ wa. Wọ́n gbé àwo sílẹ̀, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ dìbò. Jésù ní mọ́kànlá. Àwọn tó kọ̀ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Baálẹ̀ kò lu ẹnikẹ́ni. Kò lé àlejò. Kò pe adáhunṣe. Òfin àlejò ló fi dá àlejò lẹ́jọ́, nínú ilé àlejò, nígbà tí àlejò ń wàásù lọ́wọ́. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti fi ìtìjú kan àgbàlagbà ní ọ̀nà tó ní ọ̀wọ̀ tó báyìí nínú ìwé ìtàn kankan. Ohun tó sì mú kó korò sí i ni pé Kilanga kì í fi ìbò parí ọ̀rọ̀. Anatole ti sọ fún Leah ṣáájú pé àwọn máa ń jókòó sọ̀rọ̀ títí gbogbo ènìyàn á fi fohùn ṣọ̀kan. Tí ènìyàn àádọ́ta bá borí ènìyàn mọ́kàndínláàádọ́ta, àwọn mọ́kàndínláàádọ́ta yẹn á máa bínú kiri abúlé. Ojú ohun tí kò tọ́ ni wọ́n fi ń wo ìdìbò. Baálẹ̀ yá nǹkan tí kò gbà gbọ́ lò láti fi lé nǹkan tí kò fẹ́ dà nù.

ỌmọPásítọ̀

> Kò lu ẹnikẹ́ni. Kò lé àlejò.

Ṣùgbọ́n ẹ gbójú fo àwọn mọ́kànlá náà. Àwọn ni èmi ń rò. Ìyá ìbejì tí ÌyáÌbejì sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, bóyá ó wà lára wọn. Ó ti rí ibì kan tí wọn kò ti ń lé e, baálẹ̀ wá kó gbogbo ìlú wọlé láti sọ fún un pé ibẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ọgbọ́n ni ti Tata Ndu, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ẹni tó ní agbára ni. Òun kan náà ló fẹ́ fi Rachel ṣe ìyàwó, tó ń gbé ẹ̀bùn wá sílé wọn. Ẹ má sọ ọ́ di ẹni mímọ́ nítorí pé Nathan burú.

Ìdí_Ọ̀rọ̀

Ẹni mímọ́ kọ́. Ọ̀rọ̀ Rachel yẹn gan-an, àánú ló fi ń ṣe é, ó rí i pé ebi ń pa wọ́n, ẹnu kan tó dín kù jẹ́ ìrànlọ́wọ́. Kò yé wọn. Kò sì yé e pé kò yé wọn. Ní ti àwọn mọ́kànlá, òótọ́ lẹ sọ, ìwé náà kò sì padà sọ́dọ̀ wọn mọ́. Àléébù nìyẹn.

Àbẹ̀ní_K

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá àti ẹ̀yin ìyá. Mo ti ń kà yín bọ̀ látòkè. Òǹkàwé_Alẹ́ béèrè pé ta ló yẹ kó sọ̀rọ̀ tí kò sọ̀rọ̀, a sì ń fèsì bí ẹni pé Nathan nìkan ni.

Mama Tataba kò ní orí kan. Anatole kò ní. Tata Ndu kò ní. Nelson kò ní. Tata Kuvudundu, adáhunṣe tó fi ejò síbi tí wọ́n rí i, kò ní. Ojú òyìnbó márùn-ún la fi rí gbogbo abúlé yẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀: Kingsolver gbé ní Kóńgò fún ìgbà díẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, iṣẹ́ ìlera ló gbé àwọn òbí rẹ̀ lọ, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí kò mọ inú rẹ̀. Mo gbà. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wá ṣẹlẹ̀ sí Anatole. Ó di ẹni tó ń ṣàlàyé. Tí Leah bá ní ìbéèrè, Anatole ní ìdáhùn. Ìdìbò, Anatole ṣàlàyé. Ṣọ́ọ̀ṣì, Anatole ṣàlàyé. Ó fẹ́ Leah, ó lọ sẹ́wọ̀n lábẹ́ Mobutu, ó jáde, ó tún ṣàlàyé. Mi ò mọ ohun tó ń bí i nínú. Mi ò mọ bóyá ó máa ń sọ̀rọ̀ àṣìsọ. Ènìyàn rere ni láti òkè délẹ̀, ìyẹn ni mi ò sì fi gbà á gbọ́.

Nathan burú, ó sì dà bí ènìyàn. Anatole dára, ó dà bí ìwé àlàyé.

Òǹkàwé_Alẹ́

Àbẹ̀ní, ẹjọ́ tí ẹ gbé wá yìí wúwo ju tèmi lọ, ẹ jẹ́ kí a gbé e jókòó. Ṣùgbọ́n mo rò pé Mama Tataba bọ́ nínú rẹ̀. Ojú ewé díẹ̀ ló ní, kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, ó kọ ebè, ó bínú, ó lọ. Mo mọ̀ ọ́n ju Anatole lọ.

Àbẹ̀ní_K

Mo fara mọ́ ọn. Torí pé ó lọ ni. Ẹni tó bá dúró nínú ìwé yẹn, wọ́n á sọ ọ́ di olùkọ́.

ÌyáÌbejì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti eérú, kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́.

Nathan fẹ́ràn àwọn ìwé tó wà nínú Bíbélì àwọn Kátólíìkì tí kò sí nínú tàwa yòókù. Ọ̀kan lára wọn ni ìtàn Dáníẹ́lì àti òrìṣà Bélì: Dáníẹ́lì fọ́n eérú sí ilẹ̀ ilé òrìṣà lóru, ilẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ àwọn àlùfáà tó ń jalè oúnjẹ hàn nínú rẹ̀. Orúkọ ìtàn yẹn ni òǹkọ̀wé fún apá kẹrin ìwé náà.

Nígbà tí ẹ̀rù ń ba Nelson nítorí àmì ibi tó rí nílé adìẹ níbi tó ń sùn, àwọn ọmọ yìí rántí Dáníẹ́lì. Wọ́n fọ́n eérú. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n rí ipa ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kan sì ní ọmọ ìka mẹ́fà. Gbogbo ìlú mọ ẹsẹ̀ ta ni. Ibẹ̀ ni ejò ti jáde, ibẹ̀ ni Ruth May wà.

Ṣé ẹ rí i? Nínú gbogbo ìwé náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bíbélì Nathan ṣiṣẹ́ ní Kilanga. Àwọn ọmọbìnrin tí kò kà sí ló lò ó, wọ́n sì lò ó láti dáàbò bo ọmọ ilé wọn. Ó bá wọn rí ẹni tó ṣe é. Kò gba ọmọ là. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mí títí.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé Kuvudundu nìkan ló pa ọmọ yẹn. Ṣáájú, ibà ti fẹ́ pa á. Ìyá fún un ní kuníìnì, ọmọ ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́yìn ibùsùn rẹ̀ torí pé ó korò. Kò sẹ́ni tó rí i fún ọ̀pọ̀ oṣù. Orleanna fúnra rẹ̀ wà lórí àìsàn nígbà yẹn. Ilé tí bàbá kò ti ń wo ohun tó wà lẹ́yìn ibùsùn ọmọ ni.

Àgbẹ̀_Olùkàwé

Kí ni Nathan sọ nígbà tó dé bá òkú ọmọ rẹ̀? Ó ní wọn kò tíì ṣe ìrìbọmi fún un. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn. Òǹkàwé_Alẹ́, ẹ ní kí ó wí tẹnu rẹ̀. Ó wí i.

Òǹkàwé_Alẹ́

Háà. Mo gbà.

Bí mo ṣe gbà yẹn, ẹjọ́ mi ṣì wà nílẹ̀ o! Ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ mọ ohun tó ń rò lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tí kò sẹ́nì kankan nílé mọ́.

Tíṣà_Ìtàn

Ẹnì kan fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé ṣé àwọn míṣọ́nnárì tòótọ́ rí báyìí. Wọn kò rí bákan náà, ìwé náà sì mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi mú Brother Fowles wọlé, ẹni tó wà ní Kilanga ṣáájú Nathan. Ó ti fẹ́ ọmọ Kóńgò, ó ń wọ ọkọ̀ ojú omi kiri odò, ó ń gbé oògùn fún ènìyàn, ó ń bá baálẹ̀ jiyàn láìjà. Kì í pẹ́ lójú ìwé, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí ìwé náà di ẹ̀sùn lórí gbogbo ẹlẹ́sìn.

Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí mo máa ń ronú kàn ni T. J. Bowen. Ará Georgia ni òun náà, Onítẹ̀bọmi ni, bíi Nathan gẹ́lẹ́. Badagry ló gúnlẹ̀ sí ní 1850. Ohun tó gbé padà lọ sí Amẹ́ríkà ni ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí ilé iṣẹ́ Smithsonian tẹ̀ jáde ní 1858. Ẹni tó bá jókòó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ bi ènìyàn léèrè nǹkan. Ìbàdàn náà rí David àti Anna Hinderer, láti 1853. Nígbà ogun Ìjàyè, ọ̀nà etíkun dí mọ́ wọn, oúnjẹ tán, wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn jẹ, àwọn aládùúgbò ló ń bọ́ wọn. Àwọn náà ní àléébù, kò sẹ́ni tó kó ẹ̀sìn wá tí kò kó nǹkan mìíràn wá mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà kí ẹni tí wọ́n wá wàásù fún bọ́ wọn. Nathan kò gbà. Nígbà tí àwọn ará Kilanga ń yọ́ gbé ẹyin àti ọsàn sẹ́nu ọ̀nà wọn lóru, kò béèrè ibi tó ti wá.

Jẹ́jẹ́_Layé

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èmi nìkan ni mo rò pé ìwé náà yẹ kó parí nígbà tí wọ́n rìn jáde kúrò ní Kilanga nínú òjò? Apá tó tẹ̀ lé e gùn. Adah di dókítà, ó ń ṣèwádìí nípa àrùn ní Atlanta. Leah ń bá Mobutu jà nínú ọkàn rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Kóńgò di Zaire ní 1971, owó tán, ọ̀nà bàjẹ́. Bí ìwé ìròyìn ló ṣe ń rí lójú mi.

Ìdí_Ọ̀rọ̀

Apá yẹn gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n tó bá parí nínú òjò, yóò di ìtàn òyìnbó tó lọ, tó sunkún, tó padà sílé. Ó fẹ́ kí a rí i pé ohun tí wọ́n ṣe ní 1960 àti 1961 gba ọgbọ̀n ọdún ó lé. Mobutu kò kúrò títí di 1997, ọdún kan ṣáájú kí ìwé náà tó jáde.

Àbẹ̀ní_K

Èmi fara mọ́ Jẹ́jẹ́_Layé lórí Leah. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan Rachel mi o. Rachel ló gbé apá yẹn ró. Ó fẹ́ ọkùnrin kan, ó fi í sílẹ̀, ó fẹ́ òmíràn, ó jogún hòtẹ́ẹ̀lì kan lọ́nà Brazzaville, ó ń gba àwọn oníṣòwò òyìnbó sílé, kò kẹ́kọ̀ọ́ nǹkan kan, kò sì banújẹ́ pé òun kò kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn yòókù ń ru ẹ̀bi kiri. Òun ń ṣe ìnáwó. Tí mo bá fẹ́ mọ bí ìṣàkóso òyìnbó ṣe ń tẹ̀ síwájú lẹ́yìn òmìnira, Rachel ni mo máa ń ṣí.

ỌmọPásítọ̀

Ikú Nathan ńkọ́? Àwọn ọmọ gbọ́ ọ láti ẹnu ẹlòmíràn. Wọ́n ní ó ń kó àwọn ọmọdé lọ sódò fún ìrìbọmi, ọkọ̀ dojú dé, ọ̀nì wà níbẹ̀. Àwọn òbí lé e, ó gun ilé ìṣọ́ àtijọ́ nínú oko kọfí, wọ́n tiná bọ̀ ọ́. Gbólóhùn díẹ̀ ni. Lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn, ikú rẹ̀ kò rí ju ìròyìn àgbọ́sọ lọ. Òǹkàwé_Alẹ́, ibẹ̀ yẹn ni mo ti bá yín bínú díẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹnì kan wà níbẹ̀.

Òǹkàwé_Alẹ́

Ẹ ṣeun! Ẹnì kan gbà mí gbọ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìjà.

Mo máa tún apá kẹrin kà nítorí eérú yẹn. Àbẹ̀ní, tí ẹ bá mọ ìwé ìtàn tí ọmọ Kóńgò fúnra rẹ̀ kọ nípa àwọn ọdún yẹn, ẹ la okùn ọ̀rọ̀ tuntun, a ó bá yín níbẹ̀.

Àbẹ̀ní_K

Mo ní méjì lọ́kàn, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n ti túmọ̀ ọ̀kan. Ẹ fún mi di òpin ọ̀sẹ̀.